Etí Aṣọ

Ẹ má bi mí léèrè ọjọ́ orí Adégòrìọlá.
Aránṣọ ni mí ní Èbúté Mẹ́ta,
ínṣì ni mo fi ń ka ọdún.

Ọjọ́ tí àbúrò mi gbé e dé láti ilé ìwòsàn,
òjò ń rọ̀, rélùwéè ń fọn fèrè níhà Ìdó,
mo fi téèpù yí i lórí: ínṣì mẹ́rìnlá.
Mo fi yí i láyà: kò tó bẹ́ẹ̀.
Mo ní, "Orí ló kọ́kọ́ dé, ara ń bọ̀ lẹ́yìn."

Oṣù kẹta, ọrùn rẹ̀ mú.
Ó gbórí sókè léjìká mi,
ó ń wo ẹ̀rọ ìránṣọ bí ẹni ń wo àlejò.
Oṣù kẹfà, ó jókòó sáàárín ìgékù aṣọ,
ó wó sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tún jókòó.
Bọ́tìnnì kan sọnù; ọjọ́ kejì la rí i,
níbi tí a ò ti fẹ́ rí i.

Kò rákòrò. Ìdí ló fi ń wọ́ káàkiri
bí ọkọ̀ ojú omi tí ò ní àjẹ̀.
Ìdí ṣòkòtò mẹ́ta ló lu kó tó pé ọdún kan.
Ìyá Sàúdátù, yàrá kẹta, ní tòun ti ń sáré lóṣù mẹ́wàá,
ó ní ká gbé e lọ sétí ọ̀sà,
ká bo ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ iyanrìn dé itan.
Nọ́ọ̀sì tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò,
ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ yìí ń ronú ni."
Àbúrò mi ò rẹ́rìn-ín.
Lóru mo ń gbọ́ ọ, ó ń fi ìka ka oṣù,
ó tún ń kà á padà.

Oṣù kejìdínlógún, Ọjọ́bọ̀ kan, kò síná,
téèpù yọ̀ lọ́rùn mi, ìrù rẹ̀ rọ̀ délẹ̀.
Ọmọkùnrin dìde, ó fẹ́ mú un.
Ẹsẹ̀ kan.
Òmíràn.
Kò sẹ́ni tó ráyè ṣe tẹ̀ẹ́tẹ̀ fún un.
Abẹ́rẹ́ gún mi níka, mi ò mọ̀
títí ẹ̀jẹ̀ fi kan aṣọ oníbàárà.

Nílé ìwé, wọ́n ní kó gbọ́wọ́ ọ̀tún kọjá orí
kó fi kan etí òsì. Ọwọ́ mọ sí àtàrí.
"Ẹ padà wá lọ́dún tó ń bọ̀."
Alaalẹ́ ló ń dán an wò níwájú dígí mi,
ó ń dọ́gbọ́n tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, olè kékeré.
Nígbà tí ọwọ́ tó etí, mo rán yunifọ́ọ̀mù,
mo ká etí rẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta,
torí ọmọ ń dàgbà, owó ò dàgbà.

Mo ń tú u díẹ̀díẹ̀.
Ibi tí oòrùn ti nà ṣá, ibi tó fara pamọ́ ṣì dúdú,
ilà lórí ilà, bí ibi tí ọ̀sà dé kó tó fà padà.
Ilà yìí: eyín iwájú yọ, ó sọ ọ́ sórí páànù,
ó ń fi àlàfo rẹ̀ súfèé.
Ilà yìí: irọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ní orí àti ìdí.
Ilà yìí: ó bi mí níbi tí bàbá rẹ̀ wà.
Mo ní kó bá mi fi òwú bọ abẹ́rẹ́.

Ọdún kẹtàlá, ohùn rẹ̀ là sí méjì nínú "Ẹ káàárọ̀":
ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ ti ọmọ wa,
ìparí jẹ́ ti ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀.
Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ méjì, kò kí ẹnikẹ́ni.
Mo fẹ́ wọn itan rẹ̀, ó gba téèpù lọ́wọ́ mi,
"Màá wọn ara mi," ó kọjú sógiri.
Èmi náà kọjú síta.
Kò sí nǹkan kan mọ́ létí aṣọ tí mo lè tú.

Lánàá, ó ní kí n fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn.
Ó wọ̀n mí láti gìgísẹ̀ dé àtàrí,
ó ṣí ẹ̀yìn ìwé ìwọ̀n mi, ó wo iye àtijọ́.
"Àǹtí, ẹ ti fi ínṣì kan dín."
Mo ní irọ́ ni, téèpù ló ti nà.
Kò bá mi jiyàn. Ó tún wọ̀n mí, jẹ́jẹ́,
bí ẹni ń wọn aṣọ tí kò fẹ́ gé.